Ẹ̀gbọ́n Ń Wá Àbúrò: Bí Wọ́n Ṣe Ń Ṣe Fíìmù Àdáṣe

Bí náírà 10 bá bọ́ sí yín lọ́wọ́, ẹ yí ẹ̀yìn rẹ̀ wò. Ẹ ó rí obìnrin Fúlàní méjì tí wọ́n ru igbá wàrà. Àwòrán yẹn ló bí The Milkmaid, fíìmù tí Desmond Ovbiagele gbé jáde ní 2020. Nínú fíìmù náà, àwọn agbésùnmọ̀mí ló tú Aisha àti Zainab àbúrò rẹ̀ ká. Àárín àwọn agbésùnmọ̀mí náà gan-an ni Aisha sì ti lọ wá a.

Irú iṣẹ́ yìí làwọn òyìnbó ń pè ní independent film. Ẹ jẹ́ ká pè é ní fíìmù àdáṣe: kò sí iléeṣẹ́ ńlá tó ń gbówó sílẹ̀, tó sì ń pàṣẹ. Ovbiagele, tó ti ṣiṣẹ́ báńkì rí, ló kọ ìtàn náà, òun ló sì darí rẹ̀.

Níbi tówó kò bá ti pọ̀, ìtàn ẹni tó sọnù rọrùn láti gbé. Kò sẹ́ni tí ẹ máa ṣàlàyé fún ìdí tí ẹ̀gbọ́n fi ń wá àbúrò. Òṣèré tó bá pàdé ẹ̀gbọ́n yẹn lọ́nà lè wá lọ́jọ́ kan péré, kó sọ ìwọ̀nba tó mọ̀, kó máa lọ.

Ibi tí wọ́n á ti yà á náà kì í gba kíkọ́. Ìpínlẹ̀ Tàrábà ni wọ́n ti ya The Milkmaid. Ẹni tó bá fẹ́ ya tirẹ̀ ní Ẹ̀fọ̀n Aláayè, òkè ti yí ìlú ká níbẹ̀.

Ohun tó máa ń ya èèyàn lẹ́nu ni pé wọn kì í ya ìtàn bó ṣe tò. Ẹ wo télọ̀: ó ti gé apá, ọrùn àti ara aṣọ lọ́tọ̀ọ̀tọ̀ kó tó rán wọn pọ̀. Bí ẹ̀gbọ́n bá kúrò lágbàlá bàbá rẹ̀ níbẹ̀rẹ̀, tó sì padà síbẹ̀ níparí, ọjọ́ kan náà ni wọn á ya méjèèjì, kí owó ọkọ̀, oúnjẹ àti jẹnẹrétọ̀ má baà di ìlọ́po méjì. Láàárọ̀, òṣèré ṣì ní ìrètí. Lọ́sàn-án, ó gbọ́dọ̀ ti sunkún tán. Ẹnì kan á máa kọ ọ́ sílẹ̀ pé ìborùn wo ló wé, pé eruku dé ibo lẹ́sẹ̀ rẹ̀. Lójú tèmi, a kì í tìtorí àtiṣọ́wó ná yọ ẹni yẹn kúrò.

Bí wọ́n bá yà á tán, ó kan àjọ ìjọba tó ń yẹ fíìmù wò. Wọ́n gé ohun tó lé ní ìṣẹ́jú 20 kúrò nínú The Milkmaid kó tó dé sinimá wa. Àdánù gidi ni.

Èdè tún ṣe pàtàkì. Ní 2019, wọ́n yọ fíìmù Lionheart ti Genevieve Nnaji kúrò nínú ìdíje ẹ̀bùn Oscar ti fíìmù ilẹ̀ òkèèrè, torí Gẹ̀ẹ́sì ló pọ̀ jù nínú rẹ̀. Òfin wọn ni pé ohun tó ju ìdajì ọ̀rọ̀ inú fíìmù lọ gbọ́dọ̀ wà ní èdè mìíràn yàtọ̀ sí Gẹ̀ẹ́sì. Haúsá, Fúlàní àti Lárúbáwá ni wọ́n sọ nínú The Milkmaid, òun sì ni Nàìjíríà fi ránṣẹ́ síbẹ̀ lẹ́yìn náà. Èdè Èkìtì tí wọ́n ń sọ ní Ìjerò náà bá òfin yẹn mu, bí ìtumọ̀ Gẹ̀ẹ́sì tó péye bá ti wà lábẹ́ àwòrán.