Odò Ọ̀ṣun ti pọ́n bí ẹrẹ̀: Ọ̀rọ̀ di ti àwọn tó ń dáko lókè odò

Àwọn àgbà ló ní odò tó bá gbàgbé orísun rẹ̀, gbígbẹ ni yóò gbẹ. Odò Ọ̀ṣun kò tíì gbẹ o, àwọ̀ rẹ̀ ló yí padà. Omi tí àwọn olùbọ̀ máa ń bù mu nígbà ọdún Ọ̀ṣun ti pọ́n rúsúrúsú, débi pé lọ́dún 2022, ìjọba ìpínlẹ̀ náà kìlọ̀ fáwọn èèyàn pé kí wọ́n má ṣe mu ún.

Òṣogbo kọ́ ni odò yìí ti bẹ̀rẹ̀. Agbègbè Ìgèdè-Èkìtì ni orísun rẹ̀ wà. Ó gba ilẹ̀ Ìjẹ̀ṣà kọjá kó tó dé Òṣogbo, ó sì ń lọ sí Aṣéjìrè, níbi tí wọ́n ti ń fa omi ẹ̀rọ fún Ìbàdàn. Yálà èèyàn ń bọ Ọ̀ṣun tàbí kò bọ ọ́, omi kan náà ni.

Àwọn tó ń wa góòlù ni ẹ̀bi wọn pọ̀ jù. Wọ́n á gbẹ́ etí odò, wọ́n á fi ẹ̀rọ fa omi fọ iyẹ̀pẹ̀, ẹrẹ̀ yòókù á sì ṣàn padà sínú odò. Àwọn kan ń fi mákúrì kó góòlù jọ. Òjé sì lè wà nínú òkúta tí wọ́n ń lọ̀. Irú òjé bẹ́ẹ̀ ló pa ọmọdé tó tó 400 ní Zamfara lọ́dún 2010.

Igbó Ọ̀ṣun tí UNESCO gbà wọlé lọ́dún 2005 kì í ṣe ibi tí wọn kò tọ́jú. Susanne Wenger, Àdùnní Olórìṣà, àtàwọn oníṣẹ́ ọnà Òṣogbo jà fún un gan-an. Wọn kì í gé igi níbẹ̀, wọn kì í dọdẹ, wọn kì í pẹja. Síbẹ̀, nígbà tí ẹgbẹ́ Urban Alert yẹ omi inú igbó náà wò, òjé àti mákúrì tí wọ́n bá níbẹ̀ ju ìwọ̀n lọ jìnnà. Láti òkè ni gbogbo rẹ̀ ti ń bọ̀.

Ẹ̀yin àgbẹ̀, ẹ má bínú, ọ̀rọ̀ kan ẹ̀yin náà. Ta ni kò mọ Gàmàlín, oògùn kòkó táwọn kan ń dà sódò láti fi pa ẹja? Àwọn mìíràn ń fọ ẹ̀rọ ìfọ́n-oògùn wọn sínú odò tí ọmọ wọn ń pọn. Ẹni tó sì yọ̀ǹda oko kòkó fáwọn awa-góòlù, owó náà á tán, ihò ni àwọn ọmọ yóò jogún.

Ohun tó wà lọ́wọ́ wọn kò le. Kí wọ́n má ṣe gé igi àti ọparun etí odò, torí gbòǹgbò wọn ló ń di ilẹ̀ mú. Kí wọ́n fọ ẹ̀rọ sórí ilẹ̀, níbi tó jìnnà sómi. Kí ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù abúlé kọ̀ọ̀kan sì fẹnu kò pé ẹnikẹ́ni kò gbọ́dọ̀ yá awa-góòlù ní etí odò. Ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn ló yẹ kí wọ́n ṣe ìpàdé náà, torí bí òjò àkọ́rọ̀ bá ti rọ̀, ẹrẹ̀ á ti wọ odò.