Kúkà Gáàsì, Ófùn àti Sítóòfù: Bí A Ṣe Ń Fọ̀ Wọ́n àti Bí A Ṣe Ń Tọ́jú Wọn

Gbogbo ẹni tó ń dáná la kọ ìwé yìí fún: ìyá ilé, bàbá tó ń se oúnjẹ, akẹ́kọ̀ọ́ tó ń dá gbé, ẹni tó ń dín àkàrà tà lẹ́nu ọ̀nà. Púpọ̀ nínú jàǹbá iná tó ń gbé èèyàn wá sí ilé ìwòsàn ló jẹ́ pé ibi kékeré ló ti bẹ̀rẹ̀: rọ́bà gáàsì tó ti sán tí ẹnikẹ́ni ò pààrọ̀, bọ́nà tí ògì ti dí pa, òróró tó ti dì sẹ́yìn kúkà tipẹ́tipẹ́. Ọwọ́ ará ilé ni ìdènà wọn wà, kò sì gba owó púpọ̀. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má ka fífọ kúkà sí iṣẹ́ ẹwà nìkan.

Ẹ kọ́kọ́ wo iná yín

Iná gáàsì tó dára máa ń ní àwọ̀ búlúù, ó máa ń yí bọ́nà ká láìfo ibì kan, kì í sì í kun ìdí ìkòkò. Bí iná bá ń pọ́n rúsúrúsú, tó ń fẹ́ lẹ́lẹ́, tí ìdí ìkòkò tí ẹ fọ̀ lánàá tún ti dúdú lónìí, a jẹ́ pé atẹ́gùn kò tó fún gáàsì tó ń jó. Gáàsì tí kò rí atẹ́gùn tó kì í jó tán. Ohun tó sì ń tú sínú ilé ni èéfín olóró tí wọ́n ń pè ní carbon monoxide. Kò ní òórùn, kò ní àwọ̀, imú kò lè mọ̀ ọ́n. Ẹni tó bá fà á símú, orí á máa fọ́ ọ, òòyì á máa kọ́ ọ, inú rẹ̀ á máa rú bíi pé ó fẹ́ bì. Bí ó bá pọ̀, olúwarẹ̀ lè sùn kó má jí mọ́.

Ọ̀pọ̀ ìgbà ni wọ́n máa ń rò pé ibà ni. Àmì tó yẹ kí ẹ fi sọ́kàn rèé: bí orí bá ń fọ́ èèyàn méjì tàbí mẹ́ta nínú ilé kan náà lásìkò ìdáná, tí ara sì ń tù wọ́n bí wọ́n bá ti jáde síta, ẹ pa iná, ẹ ṣí fèrèsé àti ilẹ̀kùn, kí gbogbo ilé jáde, kí ẹ sì wá rí dókítà lọ́jọ́ náà. Ẹ má ṣe ti ilé ìdáná pa nígbà tí iná ń jó, àní bí òjò bá ń rọ̀.

Fífọ bọ́nà

Ẹ pa gáàsì látorí sílíńdà fúnra rẹ̀. Yíyí ti ara kúkà nìkan kò tó. Ẹ jẹ́ kí kúkà tutù dáadáa, kí ẹ tó gbé irin tí ìkòkò ń jókòó lé kúrò, kí ẹ sì ṣí bọ́nà. Èyí tó pọ̀ jù nínú wọn ní apá méjì: ìdérí pẹlẹbẹ tó wà lókè, àti òrùka olójú-ihò tó wà lábẹ́ rẹ̀. Ẹ gbé òrùka náà sókè sí ojú ìmọ́lẹ̀. Bí gbogbo ihò bá ṣí, ìmọ́lẹ̀ á gba inú wọn yọ. Bí apá kan bá ṣókùnkùn, ibẹ̀ ni iná yín kì í ti í jó.

Nínú gbogbo ohun tó ń hó dà sórí kúkà, ògì ló burú jù. Omi ẹ̀wà ṣeé nù, epo ọbẹ̀ máa ń yọ́ bí ọṣẹ bá kàn án, ṣùgbọ́n ògì á wọ inú ihò, iná á yan án, á sì le gan-an. Ẹ rẹ bọ́nà sínú omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ àti ọṣẹ ìfọbọ́ fún nǹkan bí ààbọ̀ wákàtí, kí ẹ fi búrọ́ọ̀ṣì ìfọyín àtijọ́ fọ̀ ọ́. Ihò tó bá ṣì dí, abẹ́rẹ́ tàbí pín-ìn-nì ni kí ẹ fi gún un. Ẹ má ṣe lo ọwọ́ ìgbálẹ̀ tàbí igi ìtayín, nítorí wọ́n máa ń kán sínú ihò, ọ̀rọ̀ á sì burú ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Ihò kékeré kan wà lábẹ́ bọ́nà, lórí ide tí gáàsì ń gbà jáde. Ẹ má fi ohunkóhun gún ìyẹn láti fẹ̀ ẹ́. Ìwọ̀n tí ó yẹ kí gáàsì máa fi jáde ni wọ́n fi lu ihò náà, bí ó bá sì fẹ̀, iná á máa pọ́n, á máa rú èéfín.

Ẹ jẹ́ kí bọ́nà gbẹ kí ẹ tó dá a padà. Èyí tó bá ṣì tutù á máa ta pàrà, ó sì lè má gbaná. Nígbà tí ẹ bá ń dá ìdérí padà, ẹ rí i pé ó jókòó déédéé. Ìdérí tó bá fì sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan máa ń mú kí iná pọ́n, àwọn kan á sì ti lọ pe alátùn-únṣe fún ohun tí ọwọ́ lásán lè tọ́ sọ́nà.

Ní ti ojú kúkà, aṣọ tútù àti ọṣẹ tó o lójoojúmọ́ lẹ́yìn oúnjẹ alẹ́. Bí ojú rẹ̀ bá jẹ́ gíláàsì, ẹ má fi irin ìfọ̀kòkò fọ̀ ọ́, ẹ má sì da omi tútù sí i nígbà tó bá ṣì gbóná, nítorí ó lè fọ́ yángá.

Ófùn

Ẹ jẹ́ ká sọ òótọ́ nípa ohun tó ń ṣẹlẹ̀ nínú ilé wa. Nínú ọ̀pọ̀ ilé, ibi ìkóǹkanpamọ́ ni ófùn. Ibẹ̀ ni ìkòkò, abọ́ oníke, búrẹ́dì àná àti ẹja yíyan máa ń wà. Aáyán àti eku á wá sọ ibẹ̀ di ilé. Lọ́jọ́ tí ẹnì kan bá fẹ́ yan adìyẹ, tó ṣáná sí i láìwò, oníke á yọ́, èéfín rẹ̀ á gba ilé kan. Ẹ kó gbogbo ẹrù kúrò níbẹ̀, kí ẹ wá ibòmíràn fún wọn. Kí ẹ tó tan ófùn, ẹ ṣí ilẹ̀kùn rẹ̀, ẹ bẹ̀rẹ̀, ẹ wo inú rẹ̀.

Fún fífọ̀ rẹ̀, ẹ po baking soda tí àwọn oníkéèkì ń lò mọ́ omi díẹ̀ kó ki, ẹ fi pa ara ófùn nínú, ẹ jẹ́ kó sun ibẹ̀. Kó má kan ihò tí gáàsì ń gbà jáde àti rọ́bà ẹnu ilẹ̀kùn. Bílẹ̀ bá mọ́, ẹ fi aṣọ tútù nù ún, kí ẹ wọ́n fínígà sí ibi tó bá kù. Á hó, ìdọ̀tí á sì tú. Ẹ ṣí fèrèsé, kí ẹ tan ófùn lófìfo fún ìṣẹ́jú díẹ̀ kó lè gbẹ. Ẹ má tẹ́ fóìlì sí ìsàlẹ̀ rẹ̀ nítorí kí òróró má baà kán síbẹ̀. Ihò tí atẹ́gùn ń gbà wọlé wà níbẹ̀.

Ohun kan wà tí a fẹ́ kí gbogbo ilé mọ̀: ẹ kò gbọ́dọ̀ po blíìṣì tí a fi ń fọ aṣọ funfun mọ́ fínígà tàbí oje ọsàn wẹ́wẹ́. Gáàsì olóró tó ń jáde látinú àpòpọ̀ wọn máa ń jó ọ̀fun àti ẹ̀dọ̀fóró. Bí ẹ bá ra oògùn ìfọ-ófùn lọ́jà, ẹ wọ ìbọ̀wọ́ rọ́bà kí ẹ tó lò ó. Èyí tó pọ̀ nínú wọn ní sóòdà tó ń jẹ ara, ó sì lè fọ́ ojú.

Rọ́bà, régúlétọ̀ àti sílíńdà

Gáàsì ìdáná wúwo ju atẹ́gùn lọ. Bí ó bá ń jò, ilẹ̀ ló máa ń sùn sí, á wọ abẹ́ kọ́bọ́ọ̀dù, á wọ abẹ́ ibùsùn. Fèrèsé òkè nìkan kò lè lé e jáde, àfi kí ẹ ṣí ilẹ̀kùn. Òórùn tí ẹ ń gbọ́ lára rẹ̀, ṣe ni wọ́n dìídì fi kún un kí imú lè tètè mọ̀, nítorí gáàsì fúnra rẹ̀ kì í rùn.

Ní gbogbo ìgbà tí ẹ bá gba gáàsì dé, ẹ po ọṣẹ kó hó, kí ẹ fi kànìnkànìn pa á sí ọrùn régúlétọ̀, sí ibi tí kílíìpù ti di rọ́bà mú, àti sí gbogbo ara rọ́bà. Ẹ ṣí sílíńdà, kí ẹ wò ó. Níbi tó bá ti ń jò, ìfófòó á máa wú lọ́kọ̀ọ̀kan, á máa bẹ́, òmíràn á tún wú. Ẹ pa á, kí ẹ má sì dáná títí wọn ó fi tún un ṣe. Ẹ má ṣe fi ìṣáná dán an wò láéláé. Rọ́bà tó bá le, tó sán, tàbí tí eku ti jẹ, ẹ ra tuntun. Téèpù kò ṣeé fi lẹ̀ ẹ́. Kí sílíńdà wà ní ìdúró, kó má sùn sílẹ̀.

Bí òórùn gáàsì bá gba ilé, ẹ má tan iná mànàmáná, ẹ má sì pa á, nítorí títàn àti pípa rẹ̀ méjèèjì ló lè ta iná. Ẹ pa sílíńdà bí ẹ bá lè dé ibẹ̀, ẹ ṣí ilẹ̀kùn, ẹ kó àwọn ọmọ jáde. Ìta ni kí ẹ ti lo fóònù.

Sítóòfù kẹrosíìnì

Ẹ gé òwú tó ti jóná, kí ẹ fi aṣọ nu abọ́ tó yí i ká. Ẹ pa iná, ẹ jẹ́ kó tutù, kí ẹ tó bu epo sí i, ìta ni kí ẹ sì ti bu ú. Kẹrosíìnì tí wọ́n ti po mọ́ bẹntiróòlù máa ń bú gbàù. Ó ti pa ìdílé púpọ̀ ní orílẹ̀-èdè wa. Bí òórùn kẹrosíìnì bá jọ ti bẹntiróòlù, ẹ má lò ó, iye yòówù tí ẹ rà á.

Bí iná bá sọ

Iná tó bá sọ nínú òróró dídín, ẹ má da omi sí i. Omi á mú kí òróró tó ń jó fọ́n ká. Ẹ pa gáàsì, ẹ fi ìdérí ìkòkò bò ó, ẹ má sì tètè ṣí i. Ẹni tí iná bá jó, omi tútù tó ń ṣàn ni kí ẹ máa dà sí ojú ibẹ̀ fún ìṣẹ́jú 20. Ẹ má fi epo pupa, ẹyin, ọṣẹ ìfọyín tàbí ògì pa á. Ẹ bọ́ òrùka àti ẹ̀gbà ọwọ́ kó tó wú, kí ẹ sì gbé e wá sí ilé ìwòsàn tó sún mọ́ yín jù.

Nọ́ńbà pàjáwìrì ní gbogbo Nàìjíríà ni 112. Ní Ìpínlẹ̀ Èkó, 767 náà ń ṣiṣẹ́. Ẹ kọ méjèèjì sára ògiri ilé ìdáná, níbi tí ọmọ tó ti mọ̀wé kà á ti lè rí i.