Ajá àti Oko Ẹ̀fọ́ Ẹ̀yìnkùlé Yín

Ẹ̀yin òbí àti ẹ̀yin àgbà wa, ṣé ẹ ń gbin ẹ̀fọ́ sí ẹ̀yìnkùlé, ajá sì wà nílé? Ẹ jẹ́ kí a jọ ka oṣù.

Ní oṣù kẹrin, tí òjò bá ti ń rọ̀, ẹ gbin tẹ̀tẹ̀ àti ewédú, kí ẹ sì sọgbà yí i ká. Ìgbẹ́ adìyẹ tó ti jẹrà dára fún oko. Ti ajá kò dára rárá. Ẹyin aràn inú rẹ̀ máa ń pẹ́ nínú ilẹ̀. Ọmọ tó bá fi ọwọ́ eléèpẹ̀ jẹun lè gbé e mì, ó sì lè ba ojú rẹ̀ jẹ́. Ẹ máa kó o dànù lójoojúmọ́, kí ẹ sì máa fún ajá lóògùn aràn.

Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, bí ẹ ti ń bomi rin ẹ̀fọ́, ẹ bu ti ajá náà fún un.

Lọ́dọọdún, ẹ mú un lọ gba abẹ́rẹ́ àjẹsára dìgbòlugi. Bí ajá bá gé ọmọ jẹ, ẹ fi ọṣẹ àti omi fọ ojú ọgbẹ́ náà fún ìṣẹ́jú 15, kí ẹ sì gbé e lọ sí ilé ìwòsàn lọ́jọ́ náà gan-an. Ẹ má ṣe dúró wo àmì: bí àrùn náà bá ti fara hàn, agbára káká ni ẹnikẹ́ni fi ń yè é.