Ìpíndọ́gba àti Iye Àárín: Ọ̀rọ̀ Méjì fún Wíwọn Iná Oòrùn ní Abúlé

Àjọ ìjọba tí ń ṣàkóso iná mànàmáná ní Nàìjíríà ti gbé ìlànà jáde fún àwọn ilé-iṣẹ́ iná kéékèèké tí agbára wọn kò ju kílówáàtì 1,000 lọ. Irú iná bẹ́ẹ̀, tí oòrùn sábà máa ń jẹ́ orísun rẹ̀, wúlò fún abúlé tí wáyà iná ìjọba kò dé. Ẹni tí ó bá ń túmọ̀ àkọsílẹ̀ nípa wọn yóò máa pàdé iye kan ṣoṣo tí a ní ó dúró fún gbogbo ilé. Irú iye wo ni?

Báńkì Àgbáyé tẹ òṣùwọ̀n onípele jáde ní 2015. Bí a bá wo kìkì agbára tí ilé kan lè rí lò lóòjọ́, ìpele kìíní bẹ̀rẹ̀ láti wáàtì-wákàtí 12, ìkejì láti 200, ìkẹta láti 1,000, ìkẹrin láti 3,400, ìkarùn-ún láti 8,200.

Ẹ jẹ́ kí a fi abúlé onílé mẹ́wàá ṣe àpẹẹrẹ. Ilé mẹ́sàn-án ń rí 200 lò lóòjọ́. Ìkẹwàá, tí ó ní fíríìjì àti ẹ̀rọ ìlọta, ń rí 8,200. Àpapọ̀ rẹ̀ jẹ́ 10,000. Bí a bá pín in sí ọ̀nà mẹ́wàá, ó di 1,000. A ó kọ ọ́ pé abúlé náà wà ní ìpele kẹta, bẹ́ẹ̀ ni kò sí ilé kan níbẹ̀ tí ó wà ní ìpele náà.

Ìpíndọ́gba ni iye yìí. Ọ̀rọ̀ náà kò purọ́: ohun tí ì bá kan ilé kọ̀ọ̀kan ni, bí a bá pín in dọ́gba. Ṣùgbọ́n a kò pín in dọ́gba. Kò yẹ kí a pè é ní àárín. Iye àárín ni èyí tí ó bọ́ sí agbedeméjì nígbà tí a bá to gbogbo iye láti orí èyí tí ó kéré jù dé orí èyí tí ó pọ̀ jù. Nínú àpẹẹrẹ wa, ilé karùn-ún àti ìkẹfà ni ó wà níbẹ̀. 200 ni, ìpele kejì.

Ọ̀rọ̀ yìí kọjá àríyànjiyàn lórí orúkọ. Bí a bá kà pé ìpele kẹta ni abúlé wà, ẹni tí ń pín owó lè gba ibòmíràn lọ, kí ilé mẹ́sàn-án sì wà níbi tí wọ́n wà. Nítorí náà, a dá a lábàá pé kí olùkọ́ àti ògbufọ̀ ya ọ̀rọ̀ méjèèjì sọ́tọ̀, kí wọ́n sì máa béèrè iye méjèèjì. Níbi tí wọ́n bá ti jìnnà síra, ibẹ̀ ni àìdọ́gba wà.