Ìyípadà Atúmọ̀-Ètò nínú FreeBSD

Atúmọ̀-ètò ni ó máa ń gba ohun tí ènìyàn kọ ní èdè C, tí yóò sì sọ gbogbo rẹ̀ di èdè ẹ̀rọ kí iṣẹ́ tó bẹ̀rẹ̀. Kò yẹ kí a pè é ní ògbufọ̀, nítorí ẹ̀gbẹ́ ẹni tí ń sọ̀rọ̀ ni ògbufọ̀ máa ń dúró sí, tí yóò máa túmọ̀ gbólóhùn bí ó ti ń jáde.

GCC ni àwọn tí ń ṣe FreeBSD, ètò tí ń darí kọ̀ǹpútà, ń lò tẹ́lẹ̀. Ní 2007, GCC bọ́ sábẹ́ ìwé-àṣẹ GPL ẹ̀dà kẹta, èyí tí wọn kò fẹ́. Wọ́n bá dúró sórí GCC 4.2.1, tí ó jáde kẹ́yìn lábẹ́ ìwé-àṣẹ àtijọ́, ó sì ń gbó mọ́ wọn lọ́wọ́. Ní 2010 ni wọ́n mú Clang wọlé.

Ṣùgbọ́n GCC ní ẹ̀ka-èdè C tirẹ̀. Ẹni tí ó bá ti mọ́ lára lè rò pé òun ni èdè C gan-an, bí ọmọ Ìjẹ̀bú ṣe lè rò pé bí gbogbo Yorùbá ti ń sọ̀rọ̀ nìyẹn. Ibi tí òfin èdè ti dákẹ́ tún le jù bẹ́ẹ̀ lọ. Bí nọ́ńbà olódindi tí ó lè ní àmì ìyọkúrò bá tóbi ju àyè rẹ̀ lọ, òfin C kò sọ ohun tí yóò ṣẹlẹ̀. Atúmọ̀ kan lè fi àyẹ̀wò tí a kọ nítorí rẹ̀ sílẹ̀. Òmíràn lè pa á rẹ́ pátápátá. Kò sí èyí tí ó rú òfin nínú wọn.

Ọ̀ràn boot2 ni ó gba àròjinlẹ̀ jùlọ. Ètò kékeré yìí wà lára àwọn tí ń jí ẹ̀rọ, kò sì gbọdọ̀ ju báìtì 7,680 lọ. Èyí tí GCC túmọ̀ gba inú àyè náà. Èyí tí Clang túmọ̀ kò gbà. Ìtumọ̀ náà péye, síbẹ̀ kò wúlò. Àfi ìgbà tí wọ́n dín in kù díẹ̀díẹ̀. (Olùtumọ̀ tí ó ti gbìyànjú láti fi gbólóhùn Yorùbá sínú àpótí kóńkó tí ó wà nínú fọ́ọ̀mù ìjọba yóò mọ irú wàhálà yìí.)

Ní Oṣù Kìíní 2014, FreeBSD 10.0 jáde pẹ̀lú Clang fún àwọn ẹ̀rọ tí ó wọ́pọ̀ jù. Àwọn ẹ̀rọ mìíràn ṣì ń lo GCC àtijọ́ títí di 2020, nígbà tí wọ́n yọ ọ́ kúrò. Àtìlẹ́yìn fún sparc64 bá a lọ ní ọdún kan náà.