Kékeré la ti ń pẹ̀ka ìrókò: bí ó ti yẹ kí a máa kọ́ni ní ìṣirò iná ìlú

Láti oṣù kẹfà ọdún 2023, tí Ààrẹ Bọ́lá Tinúbú ti fọwọ́ sí Òfin Iná Mànàmáná tuntun, ọ̀rọ̀ iná ti kúrò ní ti Àbújá nìkan: ìjọba ìpínlẹ̀ pẹ̀lú ti gba àṣẹ láti pèsè rẹ̀, láti pín in, àti láti ṣòfin lé e lórí. Nítorí náà, bí ará Akínmọ̀ọ́rìn, ní ẹ̀bá Ọ̀yọ́, bá béèrè pé iná mélòó ni yóò tó ìlú òun, níbo ni yóò ti wá, èló ni yóò sì náni, àwọn tí yóò dá a lóhùn kò jìnnà sí i bí ti àtijọ́. Ṣùgbọ́n ìdáhùn náà kò ṣeé fi ẹnu lásán sọ, ìṣirò ni.

Kọ̀ǹpútà ni a fi ń ṣe ìṣirò yìí lóde òní. Lára àwọn ètò kọ̀ǹpútà tí ń ṣe é ni OSeMOSYS, tí ìwé nípa rẹ̀ jáde ní ọdún 2011. PyPSA àti Calliope tẹ̀lé e. Ọ̀fẹ́ sì ni mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. A ó sọ fún ẹ̀rọ bí ìlú ṣe ń lo iná ní wákàtí kọ̀ọ̀kan, ibi tí iná ti lè wá àti iye owó rẹ̀, yóò sì ṣa èyí tí ó dínwó jù tí kò sì ní fi ẹnikẹ́ni sínú òkùnkùn. Ní ọdún 2015, àwọn onímọ̀ láti ilé-ẹ̀kọ́ gíga KTH ní Sweden fi irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ wo ilẹ̀ Nàìjíríà, láti mọ ibi tí wáyà ìjọba yẹ kí ó dé àti ibi tí sólà yóò ti dára jù.

Ibi tí ẹsẹ̀ ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ ètò wọ̀nyí ti ń kọ̀ ni àpẹẹrẹ àkọ́kọ́. Nínú àpẹẹrẹ méjì tí a mọ̀ mọ́ Calliope, ọ̀kan ní dígí ńláńlá tí ń kó ooru oòrùn jọ láti fi ṣe iná. Èkejì jẹ́ àdúgbò tí páìpù ti ń gbé ooru wọ inú ilé nítorí òtútù. Ohun tí ará Yúróòpù mọ̀ ni èyí, ṣùgbọ́n ọ̀dọ́ Fìdítì tàbí Ìlọrà, tí ooru ni í máa ń lé jáde nílé, yóò kọ́kọ́ kọ́ ìlú àjèjì kí ó tó kọ́ ìṣirò. Ọwọ́ ọmọdé kò tó pẹpẹ, ti àgbàlagbà kò wọ kèrègbè: ọ̀gá tí ó ti pẹ́ nídìí iṣẹ́ kì í rántí ohun tí ó rú òun lójú ní ọjọ́ kìn-ín-ní.

Ẹ jẹ́ kí a dá àpẹẹrẹ kékeré sílẹ̀ fún Akínmọ̀ọ́rìn, kí a wo apá méjì péré nínú ọjọ́ rẹ̀: ọ̀sán wákàtí 5, alẹ́ wákàtí 5. Ká ní ẹ̀rọ tí ń lọ pákí àti ilé díẹ̀ ń fẹ́ kílówáàtì 12 ní ọ̀sán, tí àwọn ilé náà sì ń fẹ́ 6 ní alẹ́. Bí a bá fi wákàtí sọ ọ́ di púpọ̀, kílówáàtì-wákàtí 60 ni ti ọ̀sán, 30 ni ti alẹ́. Sólà kílówáàtì 20 yóò mú 100 wá. A ná 60 lójú ẹsẹ̀, 40 tí ó kù wọ bátìrì, ìdá kan nínú mẹ́wàá rẹ̀ ṣòfò, 36 sì dúró de alẹ́. Ó tó, ó tún ṣẹ́kù 6. Jẹnẹrétọ̀ tí ó wà fún ìrànlọ́wọ́ kò ní dún. Bí òjò bá wá ṣú, tí oòrùn dín kù sí ìdajì, 50 ni a ó rí: ọ̀sán yóò jẹ gbèsè 10, alẹ́ yóò jẹ gbèsè 30, jẹnẹrétọ̀ ni yóò sì san 40 náà.

Bí kọ̀ǹpútà bá mú iye mìíràn wá, akẹ́kọ̀ọ́ mọ̀ pé àṣìṣe wà, kò sì ní pẹ́ rí i, nítorí ìlà tí yóò yẹ̀ wò kò pọ̀. Nígbà tí èyí bá ti yé e ni kí a tó fi owó epo kún un, lẹ́yìn náà ìlú kejì àti wáyà tí ó so wọ́n pọ̀, títí tí ìṣirò yóò fi kó gbogbo wákàtí 8,760 inú ọdún já. Ohun kan ṣoṣo lẹ́ẹ̀kan, kí á lè mọ èyí tí ó yí ìdáhùn padà.

Nítorí náà, ó yẹ kí gbogbo ẹ̀kọ́ àkọ́kọ́ máa tẹ ìdáhùn tí a fi ọwọ́ ṣe sí ẹ̀gbẹ́ ti ẹ̀rọ. Ọjọ́ ń bọ̀ tí wọn yóò gbé ìwé àdéhùn iná síwájú àwọn aṣojú ìlú pé kọ̀ǹpútà ti sọ ọ́, ẹni tí kò bá sì lè bá kọ̀ǹpútà jiyàn, kò sí ohun tí yóò ṣe ju kí ó fọwọ́ sí i.