Ṣé O Mọ̀? Ọ̀dà Tó Ń Sọ Igi Di Ẹja

Ṣé o mọ̀ pé igi arère, tí àwọn káfíńtà wa ń lò ní pákó, ń lúwẹ̀ẹ́ nínú adágún òkèèrè? Abachi ni àwọn ará Yúróòpù ń pè é. Ó fúyẹ́, ó sì rọ̀ lábẹ́ ọ̀bẹ, ìdí nìyẹn tí ó fi bá àwọn tó ń gbẹ́ ẹja onígi fún ìdẹ lára mu. Rapala, ilé iṣẹ́ ìdẹ tó lókìkí ní Finland, ti fi í ṣe díẹ̀ lára àwọn ìdẹ rẹ̀ ńláńlá. (Arère kan náà ni wọ́n fi ń ṣe ìjókòó nínú ilé oru àwọn ará Finland, torí pé kì í jó ènìyàn ní ìdí.)

Àmọ́ bí a gbẹ́ igi títí, igi náà ni. Ìgbà tí ọ̀dà bá débẹ̀ ni iṣẹ́ ń bẹ̀rẹ̀.

Ṣé o mọ̀ pé bébà ṣokoléètì ni aṣọ tí ẹja Rapala àkọ́kọ́ wọ̀? Ní 1936, apẹja kan tó ń jẹ́ Lauri Rapala fi ọ̀bẹ àwọn tó ń rán bàtà gbẹ́ èèpo igi kọ́ọ̀kì. Ó fi bébà fàdákà tí wọ́n fi ń wé ṣokoléètì bò ó kó lè máa kọ mànà. Ó wá yọ́ nẹ́gẹ́tíìfù fọ́tò, ó fi í bo gbogbo rẹ̀ kí omi má baà wọlé. Fọ́tò ìgbéyàwó ta ni ẹja ń gé jẹ nígbà náà o? Àwọn oníṣọ̀nà ní Japan ṣì ń rìn lójú ọ̀nà yìí: wọ́n á fi ayùn ìrinrin tẹ bébà alumíníọ̀mù kó lè ní ojú ìpẹ́, wọ́n á lẹ̀ ẹ́ mọ́ igi, wọ́n á wá máa rì í bọ inú fáníìṣì sẹ́lúlóòsì léraléra.

Gbogbo wàhálà yìí, nítorí omi ni. Igi ń mu omi, ó ń wú, ọ̀dà orí rẹ̀ á sì sán. Nítorí náà, ohun tí wọ́n kọ́kọ́ fi ń kùn ún kì í ṣe àwọ̀ rárá. Ohun tó ń dí ojú igi ni. Lẹ́yìn náà ni funfun, tó ń jẹ́ kí àwọ̀ yòókù tàn.

Ṣé o mọ̀ pé ọ̀dùnkún ni ayàwòrán kan fi ṣàlàyé ìdí tí ikùn ẹja fi funfun? Abbott Thayer, ará Amẹ́ríkà, ló ṣe bẹ́ẹ̀ ní 1896. Ó gún ọ̀dùnkún mọ́ wáyà, ó gbé wọn sókè díẹ̀ kúrò nílẹ̀. Èyí tó ní àwọ̀ kan náà yípo hàn kedere. Èyí tó kùn ní dúdú lẹ́yìn, tó sì ń funfun lọ sí abẹ́, pòórá mọ́ àwọn tó ń wò ó lójú. Òòrùn ń tàn sí ẹ̀yìn, òjìji ń bo ikùn, funfun abẹ́ sì ń pa òjìji náà rẹ́. Ẹni tó ń kun ìdẹ mú ọgbọ́n yìí, ó sì yí i po. Bí wọ́n ṣe ń fa ìdẹ náà, ó ń mì sọ́tùn-ún sósì, ikùn funfun ń yọ fìrí, fìrí, bíi ti ẹja tó fara pa tí kò lè dúró ṣinṣin mọ́. Ohun tí ẹja fi ń sá pamọ́ ló wá di ohun tí wọ́n fi ń pe ọ̀tá rẹ̀ wá jẹun.

Ìpẹ́ ńkọ́? Nẹ́ẹ̀tì tí ìyàwó fi ń borí ní ṣọ́ọ̀ṣì ni. Wọ́n á fà á le mọ́ igi, wọ́n á fín ọ̀dà sí i, wọ́n á ká a kúrò: ìpẹ́ dé.

Dídán rẹ̀ tún jinlẹ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ní ọ̀rúndún kẹtàdínlógún, Jaquin, tó ń ṣe ìlẹ̀kẹ̀ àdúrà ní Paris, rí i pé ìpẹ́ ẹja kékeré kan ń fi dídán sílẹ̀ nínú omi. Kírísítálì gúànínì ló wà nídìí rẹ̀. Jaquin fi í kun inú ìlẹ̀kẹ̀ gíláàsì kó lè dà bíi péálì, ọjọ́ sì lọ títí ó fi dé ara ìdẹ: wọ́n ń fi ẹja kun igi kí igi lè pa ẹja! Lónìí, mica lílọ̀ tí wọ́n fi titanium dioxide bò ti gba èyí tó pọ̀ jù nínú iṣẹ́ náà.

Ṣé o mọ̀ pé nínú omi tó mọ́ gaara, pupa ni àwọ̀ tó ń kọ́kọ́ kú? Kí ìdẹ tó rì tó mítà 10, pupa rẹ̀ ti fẹ́rẹ̀ẹ́ dúdú tán. Nínú adágún tí ewé jíjẹrà ti mú kí omi rẹ̀ pọ́n rẹ́súrẹ́sú, búlúù ló ń kọ́kọ́ lọ. Ẹja bass ẹlẹ́nu gbàgàdà tilẹ̀ rèé, oríṣi sẹ́ẹ̀lì méjì péré ló ń dá àwọ̀ mọ̀ lójú rẹ̀, nígbà tí tiwa jẹ́ mẹ́ta. Síbẹ̀, àwọ̀ tó wà lórí àtẹ kò lóǹkà. Lójú tèmi, ẹni tó mú owó lọ́wọ́ níwájú àtẹ ni wọ́n kun púpọ̀ nínú wọn fún.

Ìkẹyìn ni gọ́ọ̀mù epoxy alápòpọ̀ méjì, tó ń dán bíi gíláàsì. Bí ó bá dúró lójú kan, á ṣàn lọ sísàlẹ̀, á di kókó. Nítorí náà, wọ́n ń so ìdẹ mọ́ ẹ̀rọ kékeré tó ń yí pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ títí á fi le. Àwọn mìíràn ń tú èyí tó ń yí àwo nínú máíkírówéèfù lò.

Bí ọ̀dà náà bá wá gbó ńkọ́? James Heddon, olùsìn oyin ní Dowagiac, Michigan, wà lára àwọn tó sọ ìdẹ onígi di òwò ní Amẹ́ríkà. Àwọn tó ń kó ìdẹ àtijọ́ irú tirẹ̀ jọ kì í fẹ́ kó ní ọ̀dà tuntun. Ọ̀dà àkọ́kọ́ ni wọ́n ń sanwó fún, bó ti wù kó sán tó. Èyí tí ẹnì kan bá tún kùn kó lè rẹwà, owó rẹ̀ já wálẹ̀ nìyẹn.